Òkun tí kò rí òkun: òkè wo nílé la lè gùn lọ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀?

Ará Mahé

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ọmọ Ìyàrá ni mí, àmọ́ ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń se oúnjẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Mahé, erékùṣù tó tóbi jù ní Seychelles, nínú agbami Íńdíà lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé Òkun la jẹ́, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, òkun ò sì sí lọ́dọ̀ wa.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, èmi àti àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ gun òkè kan tí wọ́n ń pè ní Morne Blanc. Mítà 667 ni gíga rẹ̀. Láàárín oko tíì ni ọ̀nà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kò pẹ́ tí igbó fi gbé wa mì. Gbòǹgbò igi la fi ṣe àtẹ̀gùn. Ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, nítorí alásè kì í gun òkè, ìdí ìkòkò ló máa ń wà. Nígbà tá a dé orí, igbó ṣí lójijì, gbogbo apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà tẹ́ rẹrẹ sísàlẹ̀, àwọn erékùṣù kéékèèké dúró nínú omi bí ebè iṣu. Ẹyẹ funfun onírù gígùn ń fò nísàlẹ̀ wa. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, nísàlẹ̀ wa, kì í ṣe lókè. Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ó fẹ̀, ó pọ́n bí aṣọ ìpò àwọn ará Bùnú, ó kan omi, ó rì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa retí kó dún ṣíí bí irin tí alágbẹ̀dẹ tì bọ omi.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Àpáta tí mo jókòó lé lọ́jọ́ yẹn, bí àpáta ilé wa ló rí gẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ erékùṣù tó wà láàárín agbami, iná abẹ́ ilẹ̀ ló pọ̀ wọ́n jáde, tàbí kó jẹ́ pé iyùn ló kọ́ wọn. Mahé ò rí bẹ́ẹ̀. Akọ òkúta ni, wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 750. Mo fọwọ́ pa á, ó gbóná díẹ̀, ó ha mí lọ́wọ́, mo rántí ẹ̀yìnkùlé bàbá mi. Mo ní, ta ló sọ pé mo gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú kí n tó jókòó sórí òkúta?

Mò ń bọ̀ wálé nínú oṣù Kọkànlá. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi márààrún gun òkè kan ní ìrọ̀lẹ́. Èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Òkè wo ni kí n mú wọn lọ? Òkè Patti tó wà ní Lọ́kọ́jà ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Ọmọ Lọ́kọ́jà

Kí lo tún ń béèrè? Òkè Patti ni, ó parí. Gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 458, ọ̀nà ọkọ̀ sì gun ún dé orí, nítorí náà ọmọ tí ẹsẹ̀ bá ń dùn lè wọ mọ́tò. Igi osè ràbàtà wà lókè níbẹ̀. Odò Ọya àti Bẹ́núè pàdé nísàlẹ̀ níṣojú rẹ. Ibẹ̀ gan-an ni Flora Shaw, ìyàwó Lugard, dúró sí tó wo omi méjèèjì, tó ní Nàìjíríà ni kí ilẹ̀ yìí máa jẹ́. Ṣé Mahé ní irú ìyẹn?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Ọmọ Lọ́kọ́jà, ìtàn yẹn dùn. Èmi náà fi kọ́ ọmọ fún ọdún mélòó kan kí n tó rí i pé ọjọ́ inú rẹ̀ ò bára mu. Inú ìwé ìròyìn The Times ti ìlú London ni Flora Shaw ti gbé orúkọ náà jáde, ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1897. Ọjọ́ kìíní ọdún 1900 ni Lugard gba àṣẹ ilẹ̀ Àríwá ní Lọ́kọ́jà. Ọdún 1902 ni wọ́n tó ṣègbéyàwó. Obìnrin tó ti sọ ọmọ lórúkọ nínú ìwé ìròyìn ní ọdún márùn-ún kó tó lọ́kọ, ẹ má wọ́ ọ gun òkè Patti tipátipá.

Èyí tó kan Ará Mahé gan-an ni kí n sọ. Apá ìwọ̀-oòrùn odò Ọya ni Lọ́kọ́jà wà, òkè náà sì wà lẹ́yìn ìlú. Bí èèyàn bá dúró lórí Patti tó kọjú sí ibi tí odò méjèèjì ti pàdé, apá ìlà-oòrùn ló kọjú sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀ sí! Mo ti rí àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n gbé fóònù sókè ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń béèrè pé oòrùn dà. Bó bá jẹ́ ìyọ oòrùn lo fẹ́, kò sí ibòmíì tó dà bíi Patti. Ti ìwọ̀ oòrùn, wá òkè tó kọjú sí Èkìtì.

Ọmọ Lọ́kọ́jà

Olùkọ́, ẹ ti gba ìyàwó Lugard lọ́wọ́ mi, ẹ tún fẹ́ gba oòrùn.

Àmọ́ ẹ gbọ́, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ tó ń ti ẹ̀yìn bọ̀ yẹn, òun ló ń jẹ́ kí omi méjèèjì yàtọ̀ síra lójú. Ti Ọya á pọ́n bí omi amọ̀, ti Bẹ́núè á fẹ́ jọ ewé. Wọ́n á máa rìn pọ̀ lọ láìtètè dà pọ̀. Èèyàn lè má rí oòrùn kó sì rí ìyẹn.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ń sọ ti Flora, ẹ ń sọ ti omi. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo gbọ́. Àbúrò mi Ará Mahé, aago mélòó lẹ máa sọ̀kalẹ̀? Bí oòrùn bá wọ̀ tán, ṣebí òkùnkùn ló kù. Kí ẹ wà lórí àpáta pẹ̀lú ọmọ márùn-ún nínú òkùnkùn, nígbà tí gbogbo wa mọ bí igbó ṣe rí lásìkò yìí? Mi ò bú yín o. Mo kàn ń béèrè ohun tí ìyá àwọn ọmọ náà máa béèrè ni.

Gbénró Yàgbà

Ìyá Ìbejì ti bá mi wí i. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ti gígùn, bẹ́ẹ̀ sísọ̀kalẹ̀ ni iṣẹ́.

Ní 2019, àwa mẹ́rin gun òkè kan nítòsí ilé wa. Méjì nínú wa jẹ́ àgùnbánirọ̀, wọn ò tíì rí irú rẹ̀ rí. A dé orí, inú wa dùn, a ya fọ́tò títí. Oòrùn wọ̀, a tún jókòó, a ń sọ̀rọ̀ ọ̀dọ́. Nígbà tá a máa wòkè, mi ò rí àtẹ́lẹwọ́ ara mi mọ́. Tọ́ọ̀ṣì wa ni fóònù, fóònù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jẹ iná tán nídìí fọ́tò, ó ku tèmi tó wà ní ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún. Àpáta tá a rìn gòkè bí ẹni ń rìn ní pálọ̀, nígbà tá à ń bọ̀ ó ti di ọ̀gbun. Ẹsẹ̀ ò rí ibi tó máa tẹ̀. Mo fi ìdí jókòó, mo ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, mo ń fi gìgísẹ̀ wá ibi tí òkúta ti sán. Ṣòkòtò mi ya láti ìdí dé ìtan. Nígbà tá a délẹ̀, a ò mọ apá ibi tí abúlé wà, nítorí NEPA ò mú iná wá. Òórùn èéfín igi àti gbígbó ajá la tẹ̀ lé. Ó ti kọjá aago mẹ́sàn-án. Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àtùpà, kò bá mi sọ̀rọ̀ di ọjọ́ kejì.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Ohun tó ṣe Gbénró nídìí. Lọ́dọ̀ wa níbí, àti ní Mahé náà tó súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé jù wá lọ, oòrùn kì í dàgẹ̀rẹ̀ kó tó wọ̀. Ńṣe ló ń já ṣánṣán bí àgbọn. Bó bá ti wọ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 25 ni ìmọ́lẹ̀ tó ṣeé rìn kù. Ní ìlú òyìnbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ńṣe ló ń yọ́ lọ ní ẹ̀gbẹ́ ayé, ìmọ́lẹ̀ á wà fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó bá ka ìwé àwọn tó ń gun òkè ní Yúróòpù, tó fi ìṣirò wọn gun òkè tiwa, òkùnkùn á bá a lórí àpáta.

Nínú oṣù Kọkànlá, nǹkan bí aago 6:10 ni oòrùn ń wọ̀ lágbègbè wa. Ní oṣù Keje, ó ń súnmọ́ aago 7.

Ẹ tún wo òṣùpá. Lálẹ́ ọjọ́ tí òṣùpá bá kún, bí oòrùn ṣe ń wọ̀ níhìn-ín ni òun ń yọ lọ́hùn-ún. Àrànmọ́jú ni, gbogbo òru ló máa fi tàn. Ẹ mú ọjọ́ yẹn tàbí ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi jáfara di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn rẹ̀, ó máa ń pẹ́ sí i lójoojúmọ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50, òkùnkùn á ti ṣe yín léṣe kó tó yọjú. (Ọmọ Lọ́kọ́jà, lọ́jọ́ yẹn, lórí Patti, oòrùn á wà lẹ́yìn rẹ, òṣùpá á máa gòkè lórí omi níwájú rẹ. Mo ti dá oòrùn rẹ padà.)

Ọmọ Lọ́kọ́jà

Mo gbà á. Ẹ ṣé, bàbá.

Bàbá Kékeré Bùnú

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, ẹ̀rín ń pa mí.

Ìyá ìyá mi ò gun òkè lọ wo oòrùn. Àwọn tó bí i lọ́mọ gun òkè nítorí Tápà. Láyé ogun Tápà, ní nǹkan bí igba ọdún sí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, wọ́n ń kó ilẹ̀ Òkun lẹ́rú: Yàgbà, Bùnú, Ìjùmú, Owé, kò sí ẹni tí wọn ò bá jà. Ẹṣin ni Tápà ń gùn, ẹṣin ò sì lè gun àpáta. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi lọ kọ́lé sókè. Bẹ́ ẹ bá dé orí àwọn òkè kan, ẹ tẹjú mọ́lẹ̀, ẹ ó rí àpáàdì ìkòkò, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti fi ọlọ gbẹ́ àpáta. Ẹni tó jókòó lókè lásìkò yẹn, tó ń wo ìwọ̀ oòrùn, ohun tó ń wò ni bóyá eruku ẹsẹ̀ ẹṣin ń bọ̀.

Mi ò ní kí ẹ má lọ. Ẹ lọ. Ẹ kàn sọ fún àwọn ọmọ pé ilé èèyàn ni wọ́n jókòó sí.

Ará Mahé

Bàbá, ẹ kú ìtàn. Àyà mi já nígbà tí mo kà á, nítorí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí ní agbami yẹn náà. Erékùṣù Mauritius wà ní gúúsù tiwa. Òkè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Le Morne, mítà 556, òkúta rẹ̀ dúró gàgà létí omi. Àwọn ẹrú tó sá kúrò lóko ìrèké ló lọ fara pa mọ́ sórí rẹ̀. Ní 2008 ni UNESCO fi í sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Lónìí, àwọn arìnrìn-àjò ń gùn ún pẹ̀lú ìgò omi lọ́wọ́. Mo rò pé òkun ló ya ìtàn wọn sọ́tọ̀ sí tiwa. Ẹni tí wọ́n ń lé, òkè ló ń wò, ibi yòówù kó wà.

Ayàwòrán Kabba

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti oṣù tó fẹ́ lọ. Iṣẹ́ mi ni fọ́tò, nítorí náà ojú ọ̀run ni mò ń wò jẹun.

Oṣù Kọkànlá dáa, tó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́, ọyẹ́ ò sì tíì dé. Èèyàn á rí òkè mẹ́ta, mẹ́rin lẹ́yìn ara wọn, ọ̀kan dúdú, èkejì búlúù, ìkẹta bí èéfín. Bí ọyẹ́ bá ti wọlé, eruku aṣálẹ̀ á gba gbogbo ibẹ̀. Oòrùn á di àwo pupa kan tí èèyàn lè tẹjú mọ́, á sì pòórá sínú eruku kó tó kan ilẹ̀ rárá. Àwọn kan fẹ́ràn ìyẹn. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀, ó dà bí ẹni tó jáde nínú ijó kí ìlù tó parí.

Lásìkò òjò ńkọ́? Àwọ̀ rẹ̀ ò láfiwé, ìkùukùu á gbé àwọ̀ oríṣiríṣi wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má mú ọmọ lọ. Àpáta tó bá ti ń tutù fún oṣù mẹ́ta, èéhù dúdú kan á bò ó. Ó ń yọ̀ ju ilá lọ. Mànàmáná náà mọ ẹni tó dá dúró lórí àpáta gbalasa.

Ọmọ Ọdẹ Ògìdì

Òkun o gbogbo ilé. Ará Mahé, Ìjùmú kan náà la jẹ́, kí lo ń wá lọ Lọ́kọ́jà? Wá sí Ògìdì. Gbogbo ayé ló mọ̀ wá mọ́ aṣọ híhun, ìlú Nike Okundaye aláró ni, àmọ́ àpáta ló yí wa ká. Èyí tí mo ní lọ́kàn ò ga púpọ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án á gùn ún, ó sì kọjú sí Èkìtì bí Olùkọ́ ṣe wí.

Ìyá Ìbejì ò jayò pa. Ẹ gbọ́ bá a ṣe ń ṣe é. Ẹ ò gbọdọ̀ kàn bọ́ sílẹ̀ lọ́kadà kí ẹ máa gòkè. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà. Òkè míì wà tí wọ́n ń bọ, òkè míì wà tí obìnrin ò gbọdọ̀ dé lọ́jọ́ kan, àwọn ló mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ọdẹ méjì á bá yín lọ, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má bi wọ́n léèrè, ẹ padà sílé lọ jẹun.

Bàtà: kí ó bo ẹsẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ léyín. Ẹ má wọ sílípáàsì. Bàtà rọ́bà táwọn àgbẹ̀ ń wọ̀ dáa ju bàtà olówó ńlá tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dán lọ. Ẹ má fín lọ́fínńdà sára, oyin wà nínú pàlàpálá àpáta. Bẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, kí ẹni iwájú máa fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Paramọ́lẹ̀ fẹ́ràn ojú ọ̀nà lálẹ́, kì í sì í yẹra fún èèyàn bí ejò tó kù. Tọ́ọ̀ṣì tèmi wà, ti ọdẹ ni, ó ń rí ọ̀nà jìnnà. Mo lè yá yín.

Ìyá Ìbejì

Ó dáa. Ní báyìí mo lè sùn. Ẹ mú ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání fún wọn, ebi máa ń pa ọmọ lórí òkè. Ẹ kó ọ̀rá omi tẹ́ ẹ bá mu sọ̀kalẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ fún àwọn tó ni ilé.

Ará Mahé

Ẹ̀yin ará mi, a ti lọ, a ti bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Ọjọ́ tó ṣáájú kíkún òṣùpá la mú. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, àwọn ọdẹ méjì, èmi, àwọn ọmọ márààrún, àti bàbá àgbà kan tó ní òun kàn fẹ́ tẹ̀ lé wa dé ìdí òkè, tó sì ṣáájú wa dé orí. Àpáta náà gbóná lábẹ́ ìdí bí àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀. Alángbá olórí pupa kan dúró níwájú wa, ó ń mi orí, ó ń mi orí, bí ẹni ń gba ọ̀rọ̀ wa. Bí òjìji ṣe ń gùn sí i ló ń sún mọ́ ẹsẹ̀ àpáta, nígbà tó yá ó wọ inú sísán lọ, kò jáde mọ́. Ọdẹ àgbà ní a ṣì ní ìdajì wákàtí kí oòrùn tó wọ̀. Òun ò wo aago.

Kí n tó gbàgbé, mo wá àpáàdì. A rí i. Ọmọbìnrin ọdún méjìlá ló rí i, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ilà wà létí rẹ̀. Mo sọ ohun tí Bàbá Kékeré sọ. Wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó yà mí lẹ́nu. Ó dá a padà síbi tó ti mú un láìsí pé mo sọ fún un.

Oòrùn ò ṣe bíi ti Morne Blanc. Nígbà tó ku bí ìka méjì kó kan òkè tó jìnnà jù, ìkùukùu kan tẹ́ bí ẹní, ó gbà á, ó bò ó. Ó tán. Ọmọ kan ní, "Ṣé ìyẹn nìkan ni?" Mo fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀. Àwọn ọmọ ti dìde, wọ́n ń gbọn ìdí. Ọdẹ àgbà ní ká jókòó. Ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí abẹ́ ìkùukùu náà tó gbiná láti ìsàlẹ̀. Ó kọ́kọ́ rí bí omi osùn, lẹ́yìn náà ó pọ́n. Ó gba orí wa kọjá dé ẹ̀yìn wa. Àpáta náà pọ́n, ojú àwọn ọmọ pọ́n.

Èyí tó kéré jù nínú wọn wá bi mí pé, "Ṣé ibi tó wọ̀ sí yẹn ni Mahé wà?" Mo ní rárá, ẹ̀yìn wa ni Mahé wà, oòrùn ti wọ̀ níbẹ̀ láti bíi wákàtí mẹ́ta sẹ́yìn. Aago mẹ́sàn-án kọjá ti lù lọ́dọ̀ wọn. Ó yíjú padà láti wò ó. Òṣùpá ló bá níbẹ̀, ó ti gòkè díẹ̀, ó tóbi. Ó ní, "Ṣé òun nìyẹn?"

A tan tọ́ọ̀ṣì kí òkùnkùn tó ṣú dáadáa. Ọdẹ kan níwájú ń fi ọ̀pá gbálẹ̀, èkejì lẹ́yìn. A délẹ̀ kí aago méje ààbọ̀ tó lù. Bàtà kan já, ẹnikẹ́ni ò fara pa.

Gbénró Yàgbà

Ṣòkòtò ńkọ́?

Ará Mahé

Kò ya o!

Ọmọ Ọdẹ Ògìdì

Inú mi dùn. Ẹ jọ̀ọ́, tọ́ọ̀ṣì mi dà? Ọdẹ wà lálẹ́ yìí.

Ará Mahé

Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Abẹ́ ìrọ̀rí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti rí i. Ó ń bọ̀ lọ́nà pẹ̀lú ọlọ́kadà báyìí.